Òdòdó Tí Ìyá Ìtùnú Fà Tu

Ẹni tí ó bá ti pọnmi rí ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà ọyẹ́ ni ìtàn yìí yóò tètè yé. Ilé Ìtùnúolúwa wà ní ìsàlẹ̀ àpáta, níbi tí ilẹ̀ kò ti jìn. Bí o bá fi ọkọ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta yóò dún gbàn-ìn lórí òkúta. Kànga wọn a máa gbẹ kí oṣù kìíní ọdún tó parí. Láti ìgbà náà títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé, kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń gbé ayé: kẹ́ẹ̀gì omi mímu, kẹ́ẹ̀gì omi ìdáná, kẹ́ẹ̀gì omi ìwẹ̀, àti kẹ́ẹ̀gì méjì tí Ìtùnú ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo àárọ̀ Sátidé láti fi bomi rin òdòdó tó wà níwájú ilé Ọlọ́run.

Ọdún méje ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọ gbé e fún un, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ nítorí pé kò tíì lọ́kọ. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ọwọ́ tí ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, tí ń fọ aṣọ, tí ń se oúnjẹ, tí ó sì tún ń tọ́jú ìyá tí orúnkún ń dùn, dilẹ̀ lóòótọ́. Ó gbà á nítorí Ọlọ́run. Ó ń pọnmi, ó ń kọrin lábẹ́nu, òdòdó sì ń kú. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kú. Kí oṣù kejì tó parí, igi gbígbẹ ni yóò kù níbẹ̀, àwọn ìyá ìjọ yóò wo ilẹ̀ náà, wọn yóò wo Ìtùnú, wọn yóò sì mí kanlẹ̀.

Ní ọyẹ́ ọdún tí ó di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, kò sì lè dìde mọ́. Kì í ṣe àìsàn. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, ó rẹ̀ ẹ́ dé ibi tí àárẹ̀ kò dé rí. Ibẹ̀ ni ó jókòó sí nígbà tí ọkùnrin kan ti bárò wọlé, tí ó kó òdòdó mẹ́fà nínú láílọ́ọ̀nù dúdú sínú rẹ̀.

Fọláránmi ni orúkọ ọkùnrin náà. Ó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì lójú ọ̀nà Ẹ̀múrè, fíkà, àlùfáà ìjọ náà, ló sì ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá wo ohun tó ń pa òdòdó ìjọ. Ó kí Ìtùnú, ó lóṣòó, ó fi ìka wá iyẹ̀pẹ̀. Ìtùnú ń retí kí ó bi òun pé ṣé òun kì í bomi rin wọ́n ni. Ó ti ń to ìdáhùn jọ lọ́kàn.

"Tíṣà," ni ọkùnrin náà wí, nítorí fíkà ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún un, "àwọn òdòdó tí ẹ gbìn síbí, ilẹ̀ olómi ni wọ́n ti wá. Ẹ kò lè pọnmi tó fún wọn láéláé. Kì í ṣe ẹ̀bi yín."

Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí, ní ti òdòdó tàbí ní ti ohunkóhun mìíràn. Ìtùnú kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣe bí ẹni pé eruku ọyẹ́ kó sí òun lójú.

Òdòdó tí ó gbé wá yàtọ̀. Ewé rẹ̀ gùn, ó le, ó na ṣánṣán yí ìdí ká bí idà. Àárín rẹ̀ tutù minijọ̀, etí rẹ̀ méjèèjì sì funfun bí ògì. Yúkà ni ó pè é. Ó ní ilẹ̀ olókùúta tí kò gba nǹkan mìíràn gan-an ni yúkà fẹ́. Ó po iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ kí omi má baà dúró sí i nídìí, ó sì ní kí ó máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Bí ó bá gbàgbé, kò ní bínú. Ó tún kìlọ̀ fún un pé kí ó ṣọ́ ojú rẹ̀ bí ó bá ń tulẹ̀ níbẹ̀, torí ṣóńṣó ewé náà mú bí abẹ́rẹ́.

Ìtùnú gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ dé. Sátidé kejì, ó tún gbé e dé. Nígbà tí Fọláránmi padà wá lẹ́yìn oṣù kan, ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti rọ̀ nídìí. Ó wú u jáde, ó fi gbòǹgbò rẹ̀ hàn án. Ó ti rà, ó ń rùn.

"Omi ló pa á," ni ó wí. Kò bínú. "Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ jù."

"Kò sí nǹkan tí mo ní tí n kò pọnmi fún," ni Ìtùnú dáhùn. "N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ní nǹkan láìpọnmi fún un."

Fọláránmi wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó fi kẹ́ẹ̀gì sílé ní Sátidé, kí ó kàn wá jókòó kí ó máa wo márùn-ún tó kù. Òun náà yóò wá bá a wò wọ́n.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn méjèèjì a máa jókòó lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì láti aago mẹ́jọ títí oòrùn yóò fi le, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í pọ̀. Ó kọ́ ọ bí a ṣe ń gé ewé tó ti gbẹ kúrò nísàlẹ̀, bí a ṣe ń ya ọmọ tó bá hù nídìí, àti bí a ṣe ń jẹ́ kí ojú ibi tí a gé gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó fi kan ilẹ̀. Bí Ìtùnú bá padà sílé, ìyá rẹ̀ a ní ojú rẹ̀ ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sọ ohun tó fà á.

Bísọ́lá ló kọ́kọ́ tú àṣírí náà. Ilé ìwé kan náà ni òun àti Ìtùnú ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti lọ́kọ láti ọdún mẹ́wàá, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn bíi kí ó rí ẹlòmíràn tí yóò lọ́kọ.

"Ìtùnú, ṣàlàyé kan yé mi," ni ó wí ní yàrá àwọn olùkọ́. "O ní òdòdó yẹn kì í fẹ́ ìtọ́jú."

"Kì í fẹ́ ẹ."

"Kí wá ni ọkùnrin náà ń ti ọ̀nà Ẹ̀múrè wá tọ́jú ní gbogbo Sátidé?"

Láti ọjọ́ náà ni Bísọ́lá ti fi ara rẹ̀ jẹ alárinà, ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Ó wádìí ọkùnrin náà títí dé Ẹ̀múrè. Ó padà wá sọ pé ẹni ọdún méjìlélógójì ni, pé onígbàgbọ́ ni, pé ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà, kò sì bímọ fún un. Kò ya Ìtùnú lẹ́nu pé ó ti sin ẹnì kan. Ó ti rí i ní ọ̀nà tó gbà ń jókòó.

Fọláránmi fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù, ní oṣù kẹfà, tí òjò sé wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ọyẹ́ tí ìyàwó mi kú, n kò bomi rin ohunkóhun fún oṣù mẹ́ta," ni ó wí. "N kò jáde síta rárá. Nígbà tí mo wá jáde, gbogbo òdòdó mi ti kú, àfi yúkà kan. Ó dúró sínú eruku, kò bi mí pé níbo ni mo lọ. Mo jókòó tì í, mo sunkún. Ara rẹ̀ ni mo ti gé gbogbo èyí tí ẹ ń wò yìí."

Ìtùnú gbé ọwọ́ lé e lọ́wọ́, wọ́n sì wo òjò títí ó fi dá. Kí Fọláránmi tó lọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun wá kí Màmá.

Ìtùnú gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú orin ìsìn tí ó ti ń kọ láti kékeré, bí omi òkun ni ìfẹ́ ń dé, ó ń hó, ó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò hó. Ó bẹ Ọlọ́run fún àmì, kò rí àmì kankan. Ìsinmi nìkan ni ó rí. Ó rò ó pé bóyá ẹni tó ti rẹ̀ tó òun, ìsinmi ni àmì tirẹ̀.

Ó gbà pé kí ó wá. Ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù kọkànlá ni Fọláránmi wá. Bísọ́lá ló mú un wá lẹ́yìn ìsìn. Ìyá Ìtùnú, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rachael, ti gún iyán sílẹ̀, ó sì ń bọ́ aṣọ ìsìn rẹ̀ nínú yàrá nígbà tí wọ́n dé. Fọláránmi kò wá lọ́wọ́ òfo. Yúkà àgbà kan, èyí tó dára jù nínú oko rẹ̀, ni ó gbé wá. Bí ó ti ń dúró, ó rí ilẹ̀ olókùúta tó wà níwájú ilé, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kò sì sí ohun tó hù níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun fẹ́ kí Màmá jáde kí ó sì bá a lórí ìdúró. Ó yá ọkọ́ lọ́wọ́ Ìtùnú, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó gbìn ín.

Ọkùnrin tó ti ń fi ojú òdòdó wo òdòdó fún ogún ọdún ti gbàgbé ohun tí ojú ẹlòmíràn ń rí. Ìtùnú tí ó gbé ọkọ́ fún un náà kò rò ó. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Èkìtì, ta ni kò mọ pèrègún? Òun ni wọ́n ń gbìn sí ààlà. Ewé rẹ̀ gùn, ó yí ìdí ká, òmíràn tilẹ̀ ní ìlà lára. Bí a bá ti gbìn ín síbì kan, ọ̀rọ̀ ti tán: ìhín ni tèmi, ọ̀hún ni tìẹ.

Ìyá Ìtùnú yọ sí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. Ó wo àlejò, ó wo ilẹ̀ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Ẹ̀rín náà lọ.

"Ta ló gbin pèrègún síwájú ulé mi?"

Fọláránmi ti dọ̀bálẹ̀. "Màmá, kì í ṣe pèrègún. Yúkà ni. Ẹ̀bùn ni mo mú wá fún yín."

"O kò tíì mọ orúkọ mi, o ti ń pààlà ulẹ̀ mi."

Bísọ́lá fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó, ó ní bí Màmá bá lè sún mọ́ ọn kí ó wò ó dáadáa. Obìnrin náà kò sún mọ́ ohunkóhun. Kò pariwo. Ó ní kí Bísọ́lá mú àlejò rẹ̀ lọ, kí Ìtùnú sì di iyán náà fún wọn kí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́nà, torí òun kì í lé ènìyàn lọ pẹ̀lú ebi. Lẹ́yìn náà, ó ti ilẹ̀kùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìtùnú gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí. Ó mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni òun nígbà tí bàbá òun kú, ó sì mọ̀ pé wọ́n kò ní oko kòkó mọ́ lẹ́yìn náà. Kò mọ bí oko náà ṣe lọ. Ìyá rẹ̀ ní ogójì ọjọ́ kò tíì pé tí àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ òun fi wá. Wọn kò bá òun jà. Wọ́n kí òun kú àṣẹ̀yìndè, wọ́n gba omi mu lọ́wọ́ òun. Nígbà tí òun dé oko lọ́jọ́ kejì, pèrègún ti wà láti etí odò dé ìdí ìrókò, tútù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín, gbogbo igi kòkó tí òun àti ọkọ òun jọ gbìn sì wà ní òdìkejì.

"Ẹ̀bùn ni wọ́n pe tiwọn náà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Wọ́n ní àwọn fi ìlàjì ṣẹ́ kù fún mi."

Nígbà tí Ìtùnú ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kejì, kò bá yúkà níwájú ilé mọ́. Ìyá rẹ̀ ti fà á tu. Ó fi àkísà di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìtùnú bi í léèrè, ó ní ọ̀bẹ ló ge òun níbi tí òun ti ń bẹ iṣu.

Ohun tí wọn kò ṣe kò sí. Bísọ́lá lọ, ó bọ̀, títí bàtà rẹ̀ fi já. Fíkà alára wá, ó jókòó, ó ṣàlàyé pé irú òdòdó yẹn gan-an ló wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ilẹ̀ Ọlọ́run ni ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá," ni ìyá Ìtùnú fèsì. "Kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tèmi ni mo ń sọ."

Fíkà mu omi tí wọ́n gbé fún un, ó gbàdúrà, ó lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, Ìtùnú wọ ọkadà lọ sí ọ̀nà Ẹ̀múrè. Ó bá Fọláránmi láàárín òdòdó rẹ̀, ó ń gé ewé gbígbẹ kúrò nídìí yúkà kan. Ìtùnú ti ro ọ̀rọ̀ náà láti ilé, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kí ó má baà gbàgbé.

"Mo lè fẹ́ yín láìsí aṣọ tuntun, mo lè fẹ́ yín láìsí ilé. N kò lè fẹ́ yín láìsí àdúrà ìyá mi. Ẹ má wá mọ́."

"Mo gbọ́," ni ó wí. Ọ̀bẹ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo gbọ́, Tíṣà."

Kò bẹ̀ ẹ́. Lórí ọkadà tó gbé e padà, èyí ni ó ń gún un lọ́kàn ju ohun gbogbo lọ. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ọkùnrin tó mọ bí a ṣe ń dúró láìsí omi ni, àbí ọkùnrin tí kò tilẹ̀ fẹ́ mu. Òun ló ní kí ó má wá mọ́, síbẹ̀ bí ó bá ti bẹ òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun ì bá rí ohun tí òun yóò máa rántí.

Ọdún mẹ́ta kọjá.

Yúkà márùn-ún iwájú ṣọ́ọ̀ṣì bímọ, wọ́n di mẹ́tàdínlógún. Àwọn ìyá ìjọ ń yìn ín. Ìtùnú kò gbé kẹ́ẹ̀gì lọ síbẹ̀ mọ́ ní Sátidé, ọwọ́ rẹ̀ sì wá dilẹ̀ lóòótọ́. Ó rí i pé àárẹ̀ ọwọ́ tó dilẹ̀ wúwo ju ti kẹ́ẹ̀gì lọ. Ó ń pọnmi sílé fún ìyá rẹ̀, ó ń kọ́ ọmọ. Opó ọkùnrin kan láti Ìlasà wá tọrọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ní kò burú, Ìtùnú ní òun kò fẹ́, kò sì sí ẹni tó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Bísọ́lá ló sọ fún un pé onílẹ̀ ti gba ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Fọláránmi, pé ó ti kó òdòdó rẹ̀ lọ sí Àìṣẹ̀gbá. Ìtùnú ní, "Ó dáa." Ó ń máàkì ìwé lọ.

Ní oṣù kẹta ọdún tí Ìtùnú máa pé ogójì ọdún, oòrùn mú débi pé àpáta ń jó ẹsẹ̀ gba inú bàtà. Ẹ̀yìn ilé wọn ni àpáta náà ti bẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ sì ti máa ń sá ẹ̀lùbọ́. Òun nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Bí orúnkún rẹ̀ ti le tó, kì í jẹ́ kí Ìtùnú bá òun lọ. Lọ́jọ́ náà, ó pè é. Ó ní kí ó di òun lọ́wọ́ mú, àwọn jọ fẹ́ lọ kó ẹ̀lùbọ́.

Wọ́n gun òkè náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí ẹ̀yìn òkúta ńlá kan, Ìtùnú dúró.

Yúkà wà níbẹ̀. Inú ibi tí àpáta ti là ni ó ti fi gbòǹgbò gún ilẹ̀, níbi tí iyẹ̀pẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ méjì lọ. Ó ti ga dé àyà ènìyàn. Ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ, kò sí ẹni tó gé e, ṣùgbọ́n ti òkè na ṣánṣán, funfun etí rẹ̀ ń tàn. Láti àárín rẹ̀ ni igi kan ti yọ sókè, òdòdó funfun sì so rọ̀ lára rẹ̀ bí agogo kéékèèké. Ìtùnú kò mọ̀ pé yúkà máa ń yọ òdòdó. Ti ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì yọ rí.

Ìyá rẹ̀ ti jókòó sórí òkúta. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí i, àtẹ́lẹwọ́ sókè. Àpá kékeré kan wà láàárín rẹ̀.

"Kì í ṣe ọ̀bẹ," ni ó wí. "Ọjọ́ tí mo fà á tu ni ó gún mi. Ìtùnú, láti kékeré ni mo ti ń fọwọ́ kan pèrègún. Pèrègún kì í gún ènìyàn."

Ìtùnú wo àpá náà.

"Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn."

"Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe yọ ni mo ti mọ̀."

"Ọdún mẹ́ta, Màmá."

"Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin. Mo ń kà á." Obìnrin náà fi etí ìró nu ojú. "Mo gbé e jù síbí kí oòrùn pa á. Mo ní bí ó bá kú, mo ti ṣe ohun tó tọ́ nìyẹn, kí n sinmi. N kò bu ife omi kan fún un rí. Bí mo bá ń bọ̀ wá sá ẹ̀lùbọ́, mo máa ń wò ó bóyá ó ti kú. Kò kú. Mo wà lórí àdúrà lójoojúmọ́, mo ń dárúkọ Olúwa, mo sì ń wá kí nǹkan kú."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Bí o bá lọ, ta ni yóò pọnmi fún mi?"

Kò sí àlàyé mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ìtùnú bẹ̀rẹ̀, ó ń kó ẹ̀lùbọ́ sínú agbọ̀n, ó ń kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó o tán. Ó wá ìbínú nínú ara rẹ̀, ó sì rí i, ṣùgbọ́n ó ti rẹ ìbínú náà pẹ̀lú. Ó gbé agbọ̀n rù, ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni ó fi ń gbé oúnjẹ fún ìyá rẹ̀ láìsọ ju ìkíni lọ. Ní ọjọ́ kẹta, Sátidé, ó wọ mọ́tò lọ sí Àìṣẹ̀gbá.

Abẹ́ igi máńgòrò kan ni ó ti bá Fọláránmi. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó dìde, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó gbé àpótí fún un kí ó jókòó. Kò bi í pé kí ló dé.

"Mo rò pé ẹ ti lọ́kọ," ni ó wí níkẹyìn.

"Mo rò pé ẹ ti fẹ́ ẹlòmíràn."

"Wọ́n fi ẹni méjì hàn mí. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "N kò fẹ́ parọ́ fún yín, Tíṣà, pé mo jókòó mo ń dúró. Mo kàn ń gbé ayé mi ni. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹlòmíràn tí mo lè bá jókòó láìsọ̀rọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò bẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn?"

"Ẹ ti ń gbé ti gbogbo ènìyàn. Mo rò pé bí mo bá bẹ̀ yín, mo tún gbé kẹ́ẹ̀gì kan lé yín lórí ni."

Ìtùnú sunkún nígbà náà, kì í ṣe púpọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọwọ́ tó gún, àpáta, òdòdó funfun, àti ìbéèrè ìyá rẹ̀ nípa omi. Fọláránmi fetí sílẹ̀ títí dé òpin. Ó bi í bóyá omi nìkan ni ẹ̀rù Màmá. Ó ní páànù ilé náà fẹ̀, bí àwọn bá yọ gọ́tà sí i kí òjò máa ṣàn sínú táńkì ńlá méjì, Màmá lè mu omi dé àárín ọyẹ́. Ìyókù, òun ní bárò tí òun yóò fi máa gbé omi wá. Ó ní òun kò ní ilé tí òun fi ń yangàn. Bí Màmá bá lè gba òun, Ìkẹ́rẹ́ ni àwọn yóò máa gbé.

Nígbà tí Ìtùnú délé, ó jíṣẹ́ náà fún ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe rán an, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Ìyá rẹ̀ gbọ́ títí dé ibi bárò. Ó ní kí ó lọ pe Bísọ́lá wá.

Bísọ́lá wá ní ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, pẹ̀lú bíró àti ìwé, nítorí ojú ìyá Ìtùnú kò ríran kọ nǹkan mọ́. Ìwé ẹrù ìdána ni wọ́n fẹ́ kọ, èyí tí alárinà yóò gbé lọ fún ará ilé ọkọ. Ìtùnú kò jókòó tì wọ́n, kò bójú mu kí ìyàwó máa gbọ́ ọ. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n fèrèsé wà ní ṣíṣí, ó sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ń pè é, Bísọ́lá ń kọ ọ́. Uṣu méjìlélógójì. Ìgò oyin. Àpò iyọ̀. Orógbó, obì, ataare. Bíbélì àti ìwé orin, kí ó jẹ́ onílẹ́tà ńlá. Bísọ́lá bi í bóyá kí òun fi bàtà alárinà kún un, níwọ̀n bí ti òun ti já lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Ìtùnú ní kí ó kọ ọ́.

"Ó parí nìyẹn, Màmá?"

Ìyá Ìtùnú ní kò tíì parí.

"Kọ ọ́ sísàlẹ̀. Òdòdó ẹlẹ́nu abẹ́rẹ́ yẹn, ọ̀kan."

"Màmá, ṣebí ọ̀kan wà lórí àpáta?"

"Ti orí àpáta, tèmi nìyẹn, èmi àti Ọlọ́run la mọ̀ ọ́n. Kí ó gbé tirẹ̀ wá." Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. "Kí ó má sì gbìn ín kí n tó jáde o. Kọ ìyẹn náà. Kí ó dúró ti ọkọ́ rẹ̀, kí n bọ́ aṣọ ìsìn mi tán, kí n fi ibi tí mo fẹ́ hàn án."

Bísọ́lá kọ ọ́ tán, ó kà á padà fún un. Nínú ilé ìdáná, Ìtùnú gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, ó sì jókòó.